Orin tí ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù: láti "Jin-go-lo-ba" dé "Jingo"

Àwọn tí ó fẹ́ràn orin ijó mọ orin kan tí a ń pè ní "Jingo". Ẹgbẹ́ olórin Santana, ti ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde nínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1969. Gìtá àti dùùrù oníná mànàmáná pẹ̀lú ìlù Kúbà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ti kárí ayé láti ìgbà náà. Bí a bá bi àwọn tí ń jó o léèrè pé ta ni ó ni orin náà, Santana ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ. Bí a bá sì bi wọ́n pé èdè wo ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ń tún pè nínú rẹ̀, àwọn kan yóò ní èdè Sípéènì ni, àwọn mìíràn yóò ní igbe lásán ni, kì í ṣe èdè rárá.

Orin náà kò ti ọwọ́ Santana wá. Ọdún 1960 ni ó ti jáde ní New York, nínú àwo kan tí ilé-iṣẹ́ Columbia pe orúkọ rẹ̀ ní "Drums of Passion". Babatunde Olatunji, ọmọ Ajídó lẹ́bàá Àgbádárìgì, ni ó ni àwo náà. Orin mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá yọ ọ̀kan tí a ó yẹ̀ wò níwájú sílẹ̀, kò sí èyí tí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní dá orúkọ rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn olórin ilẹ̀ òkèèrè mú nínú orin wọ̀nyí, tí wọ́n sọ wọ́n di olókìkí: Faransé ni ó kọ́kọ́ mú un ní 1964, Santana sì tẹ̀ lé e ní 1969.

Kì í ṣe ìtàn olórin nìkan ni a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ èdè Nàgó sílẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Kétu, ní Ṣábẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní ilẹ̀ Tógò, ó yẹ kí a fi ojú iṣẹ́ wa wo ọ̀rọ̀ náà: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tí a kọ láìsí àmì, tí a túmọ̀ ní ìkánjú, tí a sì rán lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ èdè tí a fi sọ ọ́?

Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1927 ni a bí Olatunji. Létí ọ̀sà kan náà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà láti Àjàṣẹ́ dé Èkó ni ìlú rẹ̀ wà, nítorí náà kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé èdè méjì ni ó fi dàgbà, èdè Ègùn àti èdè Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ ti ń ṣe títí di òní. Orúkọ bàbá rẹ̀, Zannu, jẹ́ orúkọ Ègùn. Orúkọ tí a sọ òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, nítorí pé oṣù méjì ṣáájú ìbí rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kú. Babátúndé ni a pè é. Àwọn tí ó ń pè é ní olórin Nàìjíríà kò purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé ààlà tí àwọn aláwọ̀ funfun fà gba àárín èdè méjèèjì tí ó sọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kọjá. Ará ilé wa ni.

Kì í ṣe ìlù ni ó bá lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1950 ó rí ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ gbà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Rotary, ó sì wọ Morehouse College ní Atlanta. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí New York University láti kọ́ nípa ìṣàkóso ìlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ ohun púpọ̀ nípa Áfíríkà, ìbéèrè wọn a sì máa bà á lọ́kàn jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìlù àti orin dáhùn. Ìdáhùn yìí ni ó di iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1958 ó bá ẹgbẹ́ akọrin ńlá kan ṣeré ní Radio City Music Hall ní New York, John Hammond ti ilé-iṣẹ́ Columbia ni ó sì mú un wọ ilé-iṣẹ́ náà.

Ó yẹ kí a fi ojú sí àwọn tí ó bá a ṣe àwo náà. Lára àwọn onílù ni Chief Bey, Taiwo Duvall àti Montego Joe. Aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn àti nínú àwọn obìnrin tí ń gbe orin. Àwọn kan ti gba orúkọ Yorùbá, bí orúkọ Taiwo ti fi hàn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ èdè náà. Ẹnu ni wọ́n fi kọ́ ọ, ní sílébù kọ̀ọ̀kan, bí àwọn Lùkùmí ilẹ̀ Kúbà ti fi ẹnu gbé orin òrìṣà láti ìran dé ìran. A lè sọ, nígbà náà, pé kí orin wọ̀nyí tó kúrò nínú yàrá tí a ti gba ohùn wọn sílẹ̀, ìrìn àjò tí yóò já ọ̀rọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo náà yóò gbà pé àwọn elégbè náà gbìyànjú gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ àwọn orin náà bí a ti tẹ̀ wọ́n. Kò sí àmì ohùn lórí ẹyọ kan, kò sí àmì lábẹ́ lẹ́tà, a sì fi ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí inú àkámọ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A rí "Oya". Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó bá kọ lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí sí ara pátákó láìfi àmì sí i yóò gbọ́ oríṣiríṣi ìdáhùn láti ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: ọdẹ yóò kà á sí òyà tí a ń pa jẹ, alágbàṣe yóò kà á sí ọ̀yà tí a ń gbà lẹ́yìn iṣẹ́, ẹni tí ó fẹ́ máa lọ ilé yóò kà á sí ó yá, oníṣàngó yóò sì kà á sí Ọya. Ti oníṣàngó ni ó tọ̀nà níbí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí a fi sí iwájú rẹ̀ ni "iná àkọ́dáyé", pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a máa ń fi pe àwọn tí a kà sí aláìlajú. Iná kò ṣe àjèjì sí Ọya, nítorí pé nínú ìtàn òun àti Ṣàngó ni ó jọ ní oògùn tí ń mú iná jáde lẹ́nu. Síbẹ̀ ìtumọ̀ náà gbé òrìṣà kúrò, ó fi iná lásán sí ipò rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọjà ni: ohun tí ẹni tí ó ń ra àwo ní Amẹ́ríkà ní 1960 ń retí láti ọwọ́ Áfíríkà ni a kọ fún un.

"Odun De! Odun De!" kò ní ìṣòro, ọdún dé ni, a sì fi ìkíni ọdún tuntun túmọ̀ rẹ̀. "Shango" náà hàn gbangba, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé sh tí àwọn ará New York fi kọ ọ́ nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ábídí àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa ní Bẹ̀nẹ̀ yàn láti ọdún 1975, nígbà tí àwọn ará Nàìjíríà ń lo ṣ. "Oyin Momo Ado" ni ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ òtítọ́ jù lọ: wọ́n ní ó dùn bí oyin.

"Kiyakiya" yàtọ̀. Kíákíá ni ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó kọ ọ́ sì fi etí kọ ọ́: ó gbọ́ ìró y tí ń yọ́ jáde láàárín fáwẹ́lì i àti a, ó sì kọ ohun tí ó gbọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe àṣìṣe kan náà, kì í sì í ṣe nítorí àìgbọ́n. Etí wọn ni ó mú ju àkọtọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí a fún un ni "kí ló dé tí o fi ń sá lọ?" Inú ìtàn orin ni ìbéèrè náà ti wá, kò sí nínú ọ̀rọ̀ kíákíá. Bákan náà ni "Baba Jinde". A gé orúkọ ènìyàn sí méjì, a sì kọ sí iwájú rẹ̀ pé ijó tí a fi ń wá ojú rere olólùfẹ́ ni. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò gbà pé "baba jinde" ni à ń pe irú ijó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ̀ pé Babajíǹde, bíi Babátúndé, jẹ́ orúkọ ọmọ tí a gbà pé bàbá ni ó padà wá. A túmọ̀ ìlò orin, a kò túmọ̀ ọ̀rọ̀, a kò sì sọ fún òǹkàwé pé nǹkan méjì ni wọ́n.

Ó wá ku "Jin-go-lo-ba", ọ̀kan tí mo ní kí a yọ sílẹ̀. Òun nìkan ni a fi àmì ìsopọ̀ gé sí sílébù, òun náà ni a sì fi orúkọ gbogbo àwo náà túmọ̀, èyí tí kò lè jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn kan ti gbìyànjú láti fọ́ ọ sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ní ìtumọ̀. Èmi kò bá wọn lọ sí ibẹ̀. Olatunji fúnra rẹ̀, nígbà tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìlù lílù, ìró ẹnu ni ó fi ń kọ́ wọn: gun àti dun fún àárín awọ, go àti do fún etí ìlù, pa àti ta fún ìgbátí tí a gbá awọ. Ọmọdé tí kò tíì ní ìlù ń fi ẹnu lù ú báyìí ní gbogbo ilẹ̀ wa. Mo rò pé irú ìró bẹ́ẹ̀ ni jin-go-lo-ba, sílébù kan fún ìlù kan, àmì ìsopọ̀ tí a fi gé e sì bá a mu. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ní kì í ṣe èdè kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í ní ibi kan: ìró tí a fi ń pe ìlù lọ́dọ̀ wa ní ètò, ó ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀, onílù sì lè fi ọwọ́ dá a padà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí àwo yìí jáde ni ó bọ́ sí ọwọ́ Serge Gainsbourg ní Paris. Àwa tí a kàwé ní èdè Faransé mọ orúkọ olórin yìí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo gbọ́ orin rẹ̀ "New York USA" láti inú yàrá ẹnìkan tí a jọ ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́, mo sì dúró ní ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ìlù náà, bí lílé àti ègbè ti ń dá ara wọn lóhùn, kò jọ ohun tí a lè ti Paris bí. Ó tó ọdún méjì kí n tó gbọ́ "Akiwowo" Olatunji, kí n sì mọ ohun tí ó dá mi dúró.

Inú àwo "Gainsbourg Percussions" ti ọdún 1964 ni orin náà wà. Nínú orin méjìlá tí ó wà níbẹ̀, mẹ́ta ni ó ti ara àwo Olatunji wá: "Akiwowo" di "New York USA", "Kiyakiya" di "Joanna", "Jin-go-lo-ba" sì di "Marabout". Ẹ̀kẹrin, "Pauvre Lola", mú láti ara orin "Umqokozo" tí Miriam Makeba kọ. Orúkọ Gainsbourg nìkan ni a kọ sí gbogbo wọn nígbà náà. Ó pẹ́ púpọ̀ kí a tó rí orúkọ Olatunji lára àwọn àtẹ̀jáde tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí "Akiwowo". Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni Akiwowo, òun ni orin náà ń kí. Irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901. Ní ilẹ̀ tiwa, tí a ń pè ní Dàhòmì nígbà náà, ó ti Kútọnu dé Ṣábẹ́, ó sì ti Àjàṣẹ́ dé Pobẹ̀, kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Ọkọ̀ yìí ni ó gbé àgbẹ̀ àti iṣu rẹ̀ lọ sí ọjà tí baba rẹ̀ kò dé rí. Ẹni tí ó ń bojú tó èrò nínú rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn kékeré lójú ará abúlé. Nínú ti Gainsbourg, òṣìṣẹ́ náà kò sí mọ́, ọkọ̀ kò sí mọ́. Àwọn ilé gíga New York ni olórin ń kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn elégbè sì ń ṣe sàdáńkátà bí wọ́n ti ga tó. "Joanna" ní tirẹ̀ di orin nípa obìnrin sísanra kan ní New Orleans. Ní ti "Marabout", orúkọ tí àwọn Faransé ń pe àwọn àfáà ni a kó lé orí ìró ìlù, bí ẹni pé dúdú kan náà ni gbogbo dúdú.

Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò lè fi ọ̀rọ̀ mọ sí olè jíjà nìkan. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, orin Yorùbá a sì máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ débi tí ó bá lè tẹ̀ lé e dé. Ẹni tí yóò kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lórin kò ní òmìnira kíkún: orin rẹ̀ yóò dúró lójú kan ní ti àkọ́kọ́, yóò gòkè ní ti èkejì, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ti ẹ̀kẹta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó gbọ́ aya tí ó ń kí ọkọ́ ẹni tí ń roko. Àwọn onígbàgbọ́ ti mọ ìyà tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì túmọ̀ orin ìyìn sí Yorùbá, tí wọ́n fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ohùn orin gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí kò yẹ, ìtumọ̀ sì dàrú. Thomas Ekundayo Phillips, tí í ṣe onídùùrù ìjọ Áńgílíkà ní Èkó, kọ ìwé "Yoruba Music" ní 1953, ó sì fi bí ohùn èdè ti ń darí orin hàn nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn àjèjì ti wọ orí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ní Paris ní 1964, ìdàkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀: ohùn Yorùbá dúró, ọ̀rọ̀ àjèjì wọ orí rẹ̀.

Èdè Faransé kò ní ohùn tí ń yí ìtumọ̀ padà, nítorí náà kò sí ohun tí ó ní kí orin náà gòkè níhìn-ín tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún, àfi pé bẹ́ẹ̀ ni Gainsbourg ti gbọ́ ọ. Ohùn ọ̀rọ̀ tí a ti mú kúrò ni ó ṣì ń darí ẹnu akọrin. Bí ẹni tí ó jókòó lórí iyanrìn ti dìde lọ ni ó rí, tí àpẹẹrẹ ìdí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó bá tẹ́tí sí "New York USA" láìka ọ̀rọ̀ Faransé sí, yóò máa gbọ́ gbólóhùn kan tí kò lè mú jáde. Ohun tí ó dá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà nìyẹn.

Ti Santana kò burú tó bẹ́ẹ̀. Carlos Santana wá láti Mẹ́síkò, José Areas tí ń lu ìlù láti Nikarágúà. Àwọn ènìyàn tí ìlù Áfíríkà ti dé ọ̀dọ̀ wọn gba ọ̀nà Kúbà ni wọ́n. Wọ́n gbé "Jingo" jáde, wọ́n sì lù ú ní Woodstock ní oṣù kẹjọ ọdún 1969 níwájú ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn. Nígbà tí a tà á ní àwo kékeré, ó dé ipò 56 nínú àtẹ Billboard. Ilé-iṣẹ́ Columbia kan náà tí ó ṣe ti Olatunji ni ó ṣe é, Olatunji ni àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé ó ni orin náà. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ìró rẹ̀. Wọ́n kàn gé orúkọ rẹ̀ kù ní méjì.

Gígé yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Sílébù mẹ́rin, jin-go-lo-ba, dúró gẹ́gẹ́ bí odidi kan tí onílù lè lù. Méjì àkọ́kọ́ nìkan kò dá dúró fún ohunkóhun. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọ̀rọ̀ kan tí a ń kọ báyìí gan-an, "jingo", èyí tí a fi ń pe ẹni tí ń fi ìfẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ pariwo ogun. Ó sì yani lẹ́nu pé inú orin tí a ń kọ ní ilé ìgbafẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 1878 ni òun náà ti tàn kálẹ̀. Ẹni tí ó bá rí orúkọ náà lára àwo yóò rò pé ọ̀rọ̀ tí òun mọ̀ ni. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ìpilẹ̀ orin náà ti dí. Candido Camero, onílù ọmọ Kúbà, tún un ṣe fún ilé ijó ní 1979, "Jingo" ni ó pè é. Fatboy Slim ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá sílébù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí orúkọ rẹ̀ ní 2004, ọdún kan lẹ́yìn tí Olatunji kú ní Kalifọ́níà, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2003, nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ó pé ẹni ọdún 76.

A kò gbọdọ̀ sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó gbàgbé rẹ̀. John Coltrane fi orúkọ rẹ̀ pe orin kan, "Tunji", ní 1962, ibùdó àṣà Áfíríkà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem ni ó sì ti ṣeré ní oṣù kẹrin ọdún 1967, oṣù díẹ̀ kí ó tó kú. Ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà fi "Drums of Passion" sínú àkójọ àwo tí a gbọ́dọ̀ pa mọ́, nínú àkójọ ti ọdún 2004. Àwọn onílù mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó sọnù ni ọ̀rọ̀, àti ìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ rí.

Ìbéèrè kan kù tí kò rọrùn. Ṣé Olatunji ni ìpilẹ̀? Ọdún dé jẹ́ igbe tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń ké nígbà ọdún, orin tí a fi kí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kò sì lè wá láti ọkàn ẹnìkan ṣoṣo tí ó jókòó ní New York. Àwọn tí ó mọ Akiwowo lójú ni ó ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Òfin tí ó dá ẹ̀tọ́ Olatunji padà fún un fẹ́ orúkọ kan, ó sì rí ọ̀kan. Mi ò rò pé ó yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń bínú sí Gainsbourg pé ó pa orúkọ ẹlẹ́ni rẹ́, ó tọ́ kí a bi ara wa léèrè orúkọ mélòó ni àwa náà ti pa rẹ́ nínú ìwé àkójọ orin wa, níbi tí a ti ń kọ "orin ìbílẹ̀" sí iwájú gbogbo ohun tí a bá gbọ́.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ àjọ náà ní 2008. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá dúró ní ojú agbo mọ ẹni tí ń kọrin lábẹ́ ìbòjú. Wọ́n mọ ọdún tí ó kọ orin tí a fi bú olóyè báyìí, wọ́n mọ ẹni tí ó kọ́ ọ. Ohun tí a ń rí nínú àkọsílẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìlú, ọjọ́, àti gígùn fọ́nrán.

Wọ́n gbé irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan fún mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn kí n lè fi àmì ohùn sí i fún ìwé kíkà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpele kejì. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní ọwọ́ dáadáa, ó ya lẹ́tà lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò fi àmì kan ṣoṣo sí i, fọ́nrán rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Nínú ẹsẹ̀ kẹta, obìnrin kan ń dúpẹ́ nítorí "oko" tí ó ti Ìdàáṣà dé. Mo kà á fún àwọn àgbà mẹ́ta. Èkínní ní ọkọ obìnrin náà ni ó dé láti ìrìn àjò. Èkejì ní rárá, ọkọ̀ ni, nítorí irin gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta, tí í ṣe àgbẹ̀, ní kí ni ó dé láti Ìdàáṣà bí kò ṣe ọkọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ ẹsẹ̀ náà lórin fún mi, ohùn orin tí wọ́n fi kọ ọ́ sì yàtọ̀ síra gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí olúkúlùkù yàn. Mo bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ni orin náà. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìronú, wọ́n sì fi ojú ilé rẹ̀ hàn mí. Ó ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí orí ojú ìwé, mo sì kọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kẹta, pẹ̀lú àmì wọn.